Ẹja Ni, Akàn Kọ́

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, nítorí mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa tẹ̀ yín lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí òtútù ti ń jẹ orúnkún ẹni. Ẹ kú iṣẹ́ odò. Ẹ bá mi kí Màámi. Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́? Ṣé ọkọ̀ ò jò mọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn fóònù, ẹ ní ẹ̀rọ yẹn kì í jẹ́ kéèyàn bínú tán kó tó já. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bébà.

Bàbá, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka èyí. Orí mi wú. Ó wú débi pé fìlà iṣẹ́ ò fẹ́ gba orí mi mọ́.

Ẹ rántí ilé oúnjẹ tútù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí mo sọ fún yín pé a máa ń to oúnjẹ sínú àpótí onígíláàsì, tí àwọn èèyàn á máa nawọ́ sí èyí tó bá wù wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, abọ́ ni wọ́n ní kí n máa fọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n máa gé àlùbọ́sà. Mo gé àlùbọ́sà títí ojú mi fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sunkún. Ní báyìí, èmi gan-an ni mò ń po sàláàdì akàn. Abọ́ gbàǹgbà kan ni lójúmọ́, kó tó di ọ̀sán, ṣíbí á ti máa ha ìsàlẹ̀ abọ́. Àwọn tó ń kọ́lé ní òdìkejì títì máa ń wá rà á sáàárín búrẹ́dì. Obìnrin kan wà tó ń wa bọ́ọ̀sì, á dúró síta, á fi ìka kan gíláàsì, á ní, "Tìẹ ni mo fẹ́ o. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tó ò sí níbí, mi ò fẹ́ ẹ."

Kì í kúkú ṣe akàn gidi, ayédèrú akàn ni. Gbogbo èèyàn ló ń jẹ ẹ́ níbí. Ẹja ni wọ́n máa ń lọ̀, wọ́n á wá kùn ún ní pupa kó lè jọ itan akàn. Èmi á ya á sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, màá wá fi ìpara funfun kan pò ó, á sì máa dán. Bàbá, ká ní ẹ rí i ni!

Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé rèé. Màdáàmù tó ni ilé oúnjẹ ti fún mi ní fèrèsé iwájú kí n máa ta sàláàdì mi níbẹ̀ fúnra mi, bíi tèmi. Akọpátákó ń bọ̀ wá kọ orúkọ sókè ibẹ̀. Ó bi mí pé kí ni kóun kọ. Mo ní kó fún mi láyè ná. Bàbá mi, "Ọmọ Alákàn" ni mo fẹ́ kó kọ. Orúkọ yín ni, mi ò sì lè gbé e sórí pátákó láìgbàṣẹ. Ẹ fún mi láṣẹ, kẹ́ ẹ sì súre sí i.

Èmi ọmọ yín,
Adúmáadán.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Adúmáadán,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Ara wa le. Màmá rẹ ń kí ọ. Ọkọ̀ ò jò. Ìkíni parí.

Kí lo pe ohun tí ò ń tà? Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ayédèrú. Ọwọ́ ìwọ fúnra rẹ ló kọ ọ́, ojú ò sì tì ọ́, ńṣe lo tún ń yọ̀ lórí ẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tí mo ti sọ kiri èbúté? Mo ní ọmọ mi ń ta akàn lókè òkun. Mo sọ fún àwọn apẹja, mo sọ fún ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, mo sọ fún Tíṣà ọ̀rẹ́ mi tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé wa jọ fara kanra. Bí mo bá ti ń fokùn di ọwọ́ akàn báyìí, Tíṣà á yọjú, á ní, "Alákàn ilé, Alákàn òkè òkun ńkọ́?" Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni lá oyin. Kí ni kí n wá sọ fún un báyìí? Kí n ní ọmọ mi ń ta ayédèrú?

Jẹ́ kí n rán ọ létí, àfàìmọ̀ kí òtútù má ti gbé e kúrò lọ́pọlọ rẹ. Láti ìgbà tí mo ti ń dẹ ìgèrè, akàn tó bá kú sínú agbọ̀n mi, odò ni mò ń dá a padà sí. Àwọn kan máa ń fi òkú akàn sísàlẹ̀, wọ́n á fi ààyè bò ó lórí. Èmi ò ṣe é rí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọjà dé àdúgbò wa, ì báà ṣe bàtà, ì báà ṣe simẹ́ńtì, ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé, "Ṣé ti Alákàn ni?" Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ṣé ojúlówó ni. Ìwọ náà ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà. Àfi kí wọ́n wá kọ orúkọ yẹn sókè ẹja tí wọ́n kùn lọ́dà?

Ọ̀dà pupa, Adúmáadán! Ọ̀dà tá a fi ń kun ọkọ̀! O wá tún fi ìpara pò ó. Ìpara kẹ̀! Màmá rẹ lọ gbé ìgò ìpara tó fi ń pa ẹsẹ̀ wá síwájú mi, ó ní ṣé irú èyí ni àbí òmíràn. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ yẹn ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan, kí ló dé tó o fẹ́ pa wọ́n?

Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Ojú tèmi náà ni mo fi ń ṣọ́ orúkọ yìí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, o ò sì wo ilé kankan kó o tó la ẹnu yẹn. Mi ò fún ọ láṣẹ. Tó bá jẹ́ dandan ni kí wọ́n kọ nǹkan sórí pátákó, kí wọ́n kọ "Ọlọ́dà."

Bàbá rẹ,
Alákàn ojúlówó.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi, Alákàn ojúlówó,

Mo kúnlẹ̀, mi ò tíì dìde. Ẹ má bínú, ẹ dákun. Ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín o, Bàbá. Mo rẹ́rìn-ín títí Màdáàmù fi sáré wá wo ohun tó ń ṣe mí. Ọ̀dà kẹ̀? Ìpara ẹsẹ̀ kẹ̀? Ṣé irú ọmọ tẹ́ ẹ bí nìyẹn?

Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo sunkún díẹ̀, kí n má purọ́ fún yín. "Ọlọ́dà" yẹn dùn mí wọra.

Àwọn tó wà níbí ní orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan yìí ní èdè tiwọn, kò sì sí ẹ̀gàn kankan nínú ẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ sọ ọ́ ní èdè tiwa ni mo wá ọ̀rọ̀ tì, ayédèrú ló sáré bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò ronú bó ṣe máa dún létí ẹni tí gbogbo àdúgbò fi ń díwọ̀n òótọ́. Ìyẹn, mo jẹ̀bi ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ rò pé mo lè máa fún ọmọ ọlọ́mọ ní májèlé jẹ, Bàbá, ẹ ò ṣe mí dáadáa. Ta ló kọ́ mi pé kí n máa fi ìka kan ojú akàn, pé tí kò bá ṣẹ́jú, kí n jù ú sódò? Ẹ rò pé mo ti gbàgbé?

Ẹ má gbà mí gbọ́ lórí bébà. Ẹ ṣe é nílé, kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò. Màámi, ẹ bá mi dá sí i o.

Ẹ mú ẹja tí ẹran ẹ̀ funfun, tí kò lọ́ràá, kó jẹ́ èyí tó jáde lómi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ yọ awọ àti egungun kúrò. Ẹ gé ẹran ẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù, ẹ rọra fọwọ́ rú u, ẹ da omi yẹn nù, ẹ bu òmíràn sí i, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí òórùn ẹja á fi lọ. Ẹ dì í sínú aṣọ mímọ́, kẹ́ ẹ fún un gbẹ. Ibẹ̀ lagbára wà. Ẹ wá fi iyọ̀ sí i nínú odó, kẹ́ ẹ gún un títí á fi máa fà tìmọ́tìmọ́. Ẹ fi funfun ẹyin sí i, àti ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀, àti ṣúgà tín-ńtín, àti omi tẹ́ ẹ fi se akàn. Omi akàn yẹn ló máa jẹ́ kó máa ta sánsán bí akàn. Ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú abọ́, kẹ́ ẹ gbé e sórí omi tó ń hó kí ooru máa sè é. Pupa tí mo ní wọ́n ń kùn ún, ata ni, ata pupa tí kò ta, wọ́n á pò ó mọ́ òróró, wọ́n á fi pa á lára. Ata, Bàbá! Tó bá ti tutù, ẹ ya á bí ìgbà téèyàn ń ya ẹran itan akàn.

Ìpara tí mo wí, mayonéèsì lorúkọ ẹ̀, ẹyin àti òróró ni. Ẹ fi pupa ẹyin sínú abọ́, kí ẹnì kan máa lù ú, kí ẹnì kejì máa kán òróró sí i. Kíkán ni o, kì í ṣe dídà. Tí wọ́n bá kánjú, á tú, á di omi gbuuru. Tí wọ́n bá ní sùúrù, á ki, á funfun, á máa dán bíi sílíìkì. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà àti kùkúńbà wínníwínní, ẹ da gbogbo ẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ gbé e síbi tó tutù kó lè mọ́ra wọn kẹ́ ẹ tó fẹnu kàn án.

Ìparí oṣù karùn-ún ni akọpátákó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá tọ́ ọ wò tẹ́ ẹ sì ní rárá, màá gbà. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ orúkọ ẹlòmíì síbẹ̀. Màá fi pátákó yẹn sílẹ̀ ní òfìfo.

Ọmọ yín tí kì í ṣe Ọlọ́dà,
Adúmáadán.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kò sí o?

Mi ò gbúròó yín. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò wa ti mọ ìṣòro mi báyìí. Bó bá ti ń yọ lókèèrè, á ti máa mirí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Lánàá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ọkàn mi sọ, àfi bó ṣe jẹ́ lẹ́tà Màdáàmù ló mú dání.

Màdáàmù ní kí ló ń ṣe mí tí mo ń dá ara mi lágara, ṣebí kí n kàn kọ "Sàláàdì Akàn" síbẹ̀ kó parí. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára gíláàsì nínú ilé nìyẹn látọjọ́ tó ti pẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi òun léèrè rí. Ọ̀rọ̀ yín ti kó sí mi lórí, mi ò lè wo gíláàsì yẹn bí mo ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ bínú sí mi lórí bébà, Bàbá. Ẹ pè mí ní Ọlọ́dà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kẹ́ ẹ dákẹ́ lọ.

Adúmáadán.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi àtàtà,

Màmá rẹ ló ń kọ èyí, fara balẹ̀ kà á, ìkọ̀wé mi ò dán tó ti bàbá rẹ. Ẹsẹ̀ mi ti fúyẹ́. A ò ṣàìsàn. Bàbá rẹ ò ṣàìsàn, agídí ló ń ṣe é.

Lẹ́tà tó o ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe sàláàdì yẹn dé ọwọ́ wa dáadáa. Ó kà á, ó ká a, ó tì í bọ inú fìlà, ó ní òun ò sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dé fìlà yẹn jáde, lẹ́tà rẹ ń bá a lọ sódò nìyẹn. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ fèsì ni. Ó ní, "Èsì wo? Ṣé èmi ni mo kun ẹja?" Mo ní ata ni wọ́n fi kùn ún, ṣebí ọmọ ti ṣàlàyé. Ó ní ata náà ọ̀dà ni, bí wọ́n bá fi tan èèyàn jẹ.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ kúkurú yẹn wá dé, tó o ní kó pè ọ́ ní Ọlọ́dà, ó jókòó síta, kò jẹun. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo rọra wọ ilé ìdáná, mo ní màá ṣe é fúnra mi. Mo ra ẹja, mo fọ̀ ọ́, mo gún un. Ìgbà tó kan ìpara ẹlẹ́yin yẹn, ọwọ́ ro mí, mo bá da òróró sí i wàràwàrà. Ó tú! Ó di omi gbuuru bó o ṣe wí. Bí mo ṣe dúró tí mò ń wò ó ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: "Ṣé kì í ṣe pé ó ní kẹ́ ẹ máa kán an ni?"

Ọmọ mi, ó ti há gbogbo ẹ̀ sórí! Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin! Ọkùnrin tó ní òun ò fèsì. Mo rẹ́rìn-ín débi tí mo fi di odó mú.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fìka tẹ ẹja inú odó, ó ní wọn ò fún un gbẹ, ó ní ẹja náà gan-an ti sùn lọ́jà kó tó dé ilé. Ó da gbogbo ẹ̀ fún ológbò. Ó ní lọ́la, òun á lọ mú ẹja tó yẹ wá. Mo ní ṣebí ó ti ní òun kórìíra nǹkan yìí. Ó ní, "Bí mo bá máa kórìíra ẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe dáadáa ni màá kórìíra."

Ó ti wa ọkọ̀ lọ láàárọ̀ yìí. Mo ní kí n yára kọ ọ́ sí ọ kó tó dé. Má jáyà mọ́.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún

Adúmáadán,

Mo gbọ́ pé ìyá rẹ ti kọ̀wé. Ìyá rẹ ò lè pa nǹkan mọ́ra. Ọ̀rọ̀ ológbò yẹn, ìdajì ni mo dà fún un, ó fi kún un.

Mo mú ẹja méjì tó sanra, ààyè ni wọ́n jáde, o mọ̀ mí. Mo fọ̀ ọ́ títí omi fi dà bí omi tí wọ́n fẹ́ mu. Mo fún un, mo gún un fúnra mi. Apá ń ro mí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n ó fà, ó fà dáadáa. Ìyá rẹ ló ń kán òróró, èmi ni mò ń lù ú. A ò sọ̀rọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà yà. Nígbà tí ìpara yẹn ki, tó funfun, ìyá rẹ pariwo bí ọmọdé. Èmi náà wò ó. Mi ò ní purọ́, ó wù mí.

Mo wá tọ́ ọ wò. Mo tún un tọ́. Ìyá rẹ ní kí n fi sílẹ̀ kó tutù ná bó o ṣe wí. Mo ní mo ṣì ń ṣèwádìí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé abọ́ náà lọ sí èbúté. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, àwọn apẹja, ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, Tíṣà náà. Kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́, mo dúró, mo ní, "Ẹ gbọ́ o. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ, ẹja ni, akàn kọ́. Ọmọ mi ló kọ́ wa ṣe é." Wọ́n wo ara wọn. Tíṣà bu tirẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó tún bu. Mo ní ó tó, jẹ́ kó kárí. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní, "Alákàn, ẹja yìí fi akàn ṣe yẹ̀yẹ́ o." Wọ́n fi búrẹ́dì nu abọ́ náà mọ́ tónítóní. Kò sẹ́ni tó ní mo tan òun jẹ. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo ti sọ fún wọn?

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sílé. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tó o kọ́kọ́ lò, o ṣì í lò. Ohun tó bá ń sẹ́ bàbá rẹ̀ ni ayédèrú. Tí ẹja yìí bá ní akàn lòun, ayédèrú ni. Tó bá ní ẹja lòun, pé òun kàn mọ̀ ọ́n ṣe bí akàn ni, ọmọ gidi ni, ó láyà, ó ní ẹ̀bùn, ó sì mọ ilé tó ti wá.

Ìbéèrè mi wá nìyí. O ní Màdáàmù rẹ ń kọ "Sàláàdì Akàn" sára gíláàsì, kò sì kọ nǹkan mìíì mọ́ ọn. Kí ni ìwọ fẹ́ kọ? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe inú abọ́.

Gba orúkọ mi. Mo fún ọ. Ṣùgbọ́n lábẹ́ "Ọmọ Alákàn," kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́ pé: Ẹja ni, akàn kọ́. Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó ti orúkọ mi, má jẹ́ kí akọpátákó fi sí ìsàlẹ̀ bí èèrà. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké. Tó bá kùtà, jẹ́ kó kùtà. Akàn mi náà kùtà rí, kí wọ́n tó mọ̀ mí. Bí Màdáàmù bá sì ní kò ní rí bẹ́ẹ̀, kúrò ní fèrèsé rẹ̀ kó o padà sídìí àlùbọ́sà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọwọ́ rẹ á ròkè. Ohun tó o bá pò ò ní tú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìwọ àti ojú tì mí ò ní pàdé. Àmín.

Bàbá rẹ.

Mo fa "Ọlọ́dà" padà o. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba.


Ogúnjọ́, oṣù kẹfà

Bàbá mi, Màámi,

Mo jó nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, nínú yàrá mi, pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn. Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà. Mo ní ẹ dákun, bàbá mi ló fún mi lórúkọ.

Ìjà dé nígbà tí mo sọ fún Màdáàmù. Ó ní, "Ta ló ń kọ ohun tí ọjà òun kì í ṣe sókè ọjà? Ṣé ẹni tó ń ta bàtà máa ń kọ ọ́ pé kì í ṣe fìlà?" Akọpátákó ń rẹ́rìn-ín lórí àkàbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi wí, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ gba fèrèsé yín, ẹ fún mi ní àlùbọ́sà mi. Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá rẹ ń gbé níbo gan-an?" Mo ní ó jìnnà, ṣùgbọ́n ó ń wò wá. Ó ní ó dáa, òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, tí kò bá tà, òun á ní kí wọ́n pa á rẹ́.

Mo ṣí fèrèsé lọ́jọ́ ajé. Bàbá, ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ń kọjá, wọ́n ń gbójú sókè, wọ́n ń kà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lọ. Abọ́ kún dẹ́múdẹ́mú, ó ń dán síbẹ̀, kò sẹ́ni tó nawọ́. Màdáàmù kọjá lẹ́yìn mi, ó wúkọ́. Inú mi ń sọ pé òtítọ́ ti kùtà.

Obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì wá dé. Ó fi ìka kan gíláàsì bó ṣe máa ń ṣe, ó wá gbójú sókè, ó kà á. Ó ní, "Ẹja ni látọjọ́ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Mo ti ń jẹ nǹkan yìí láti kékeré, ní oríṣiríṣi ilé oúnjẹ. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ òótọ́ ẹ̀ fún mi. Di méjì fún mi." Ó tún yí padà, ó fẹnu kígbe sí àwọn tó ń kọ́lé lódìkejì pé kí wọ́n wá rà lọ́wọ́ ọmọ tí kì í purọ́! Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ o, Bàbá. Wọ́n tò. Kó tó di ọ̀sán, ṣíbí ti ń ha ìsàlẹ̀ abọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí lójoojúmọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé kí ni Alákàn. Mo ní akàn ni, ẹni tó ń ta akàn náà ni, bàbá mi sì ni. Mo ní ní àdúgbò wa, tí nǹkan bá jẹ́ ojúlówó, orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn.

Lọ́jọ́ ẹtì, mo rí Màdáàmù tó ń ha ohun tí wọ́n kọ sára gíláàsì inú ilé kúrò, ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ tèmi gan-an.

Òtítọ́ dọ́jà, Bàbá mi. Ó tà. Fọ́tò pátákó náà nìyí.

Adúmáadán, Ọmọ Alákàn.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù keje

Ọmọ mi,

Fọ́tò dé. Ìyá rẹ fẹ́ kàn án mọ́ ògiri, mo ní rárá, inú fìlà mi ló máa wà, kí n lè máa rí i fihàn lójú odò. Tíṣà ti wò ó títí, ó ní ìkọ̀wé akọpátákó yẹn dára, ṣùgbọ́n ó gbàgbé àmì kan lórí "Alákàn." Ní kí wọ́n tún un ṣe. Orúkọ èèyàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi àmì rẹ̀ tọrẹ.

Inú mi dùn, Adúmáadán. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn gan-an ni.

Obìnrin kan wá sí èbúté láàárọ̀ yìí, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo ti múra pé á bi mí bí wọ́n ṣe máa ń béèrè, pé ṣé ti Alákàn ni. Kò béèrè ìyẹn. Ó ní òun gbọ́ ìtàn kan lọ́jà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú yín ni bàbá Ọmọ Alákàn?"

Mo gbé ìgèrè sílẹ̀. Mo tún fìlà mi dé dáadáa. Mo ní èmi ni.

Bàbá Ọmọ Alákàn.